Ẹnu Tí Kò Sọmọ Lórúkọ Rí

Oyún ìyàwó mi ti pé oṣù márùn-ún kí àwa méjèèjì tó fẹnu kò lórí òfin mẹ́ta. Ọdún 1981 ni. Tíṣà ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìgbòho, Mọ́ládé ìyàwó mi sì ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí a háyà. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, ó ń tú etí aṣọ kan tó rán wọ́, ló bá bi mí léèrè ohun tí a ó máa pe ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Ẹni tó bá ń pe orúkọ ogójì ọmọ láràárọ̀ á mọ ohun tí orúkọ ń fi ojú ọmọ rí. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tó ń jẹ́ Fìjàbí. Ọdún tí wọ́n bí i, àwọn òbí rẹ̀ ń bá ará ilé wọn jà, wọ́n sì fi orúkọ ọmọ náà sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí àwọn yẹn. Ìjà náà ti tán. Ẹni tí wọ́n ń bá jà gan-an ti kú. Ṣùgbọ́n bí ariwo bá ti sọ ní kíláàsì, Fìjàbí ni gbogbo ojú máa ń wò, bẹ́ẹ̀ ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Torí náà mo sọ fún Mọ́ládé pé òfin tèmi ni pé a kò ní fi orúkọ ọmọ wa pa òwe mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a bá ní ohun tí a fẹ́ sọ fún èèyàn, ká lọ sọ ọ́ fún un fúnra wa.

Òfin kejì, ẹ̀rín la fi ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Ṣakí bímọ kan, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gùn débi pé ìyá rẹ̀ ti gbàgbé ìdajì rẹ̀, "Ìwọ yìí" ni gbogbo ilé ń pè é. A wá fẹnu kò pé orúkọ ọmọ wa kò gbọ́dọ̀ gùn ju ohun tí èèyàn lè fi ké pè é láti ẹ̀yìnkùlé láìdúró mí.

Mọ́ládé fi eyín gé òwú, ó ká aṣọ náà sórí itan, ó wá sọ tirẹ̀.

"Èmi fẹ́ kí orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa pè é ti ẹnu ẹni tí kò sọ ọmọ lórúkọ rí wá."

N kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í léèrè ẹni náà. Mo mọ̀ ọ́n.

Mọ́ládé kò mọ ojú ìyá tó bí i. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí ìyá náà ṣaláìsí ní Ògbóòro. Ràmọ́nì bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu, gbé e fún ìyàwó rẹ̀ kejì, Àwáwù, tí kò bímọ. Òrí ni Àwáwù ń ṣe tà. Bí òjò bá ti ń rọ̀, á wọ igbó lọ ṣa èso rẹ̀, á sè é, á sá a, á lọ̀ ọ́, á wá fi ọwọ́ pò ó nínú omi títí ọ̀rá rẹ̀ á fi léfòó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Mọ́ládé máa ń wà ní gbogbo àkókò yẹn, tí á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e léjìká. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá kí ẹnì kan níbi omi tó là á mọ́lẹ̀ fún un pé Àwáwù kọ́ ló bí i. Ó sáré délé, ó béèrè. Àwáwù kò purọ́ fún un. Ó ní, "Ìyá rẹ ló bí ọ. Èmi ni wọ́n fi ọ́ ta lọ́rẹ." Ó ní kí ó jókòó, ó bu oúnjẹ fún un, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Mọ́ládé nìkan kọ́ ló tọ́. Ọmọ mẹ́fà ló ti ọwọ́ rẹ̀ dàgbà, ọmọ orogún, ọmọ àbúrò ọkọ. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń pọ̀n wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bá pé, ìdí ààrò lẹ á ti rí i, níbi tí ó ti ń sebẹ̀ fún àlejò. Kò sẹ́ni tó pè é síbi omi orúkọ rí. Wọn kò kórìíra rẹ̀ o. Kò kàn wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn ni.

Mo gba òfin Mọ́ládé lójú ẹsẹ̀, n kò tilẹ̀ rántí bàbá mi.

Àdìgún ni bàbá mi ń jẹ́. Nílé wa, bàbá àgbà ní í kọ́kọ́ la ẹnu lé ọmọ ọmọ rẹ̀. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀, oyún yìí sì ni àkọ́kọ́ tí ìyàwó mi máa ní, nítorí náà ó ti mú orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ikùn Mọ́ládé tó yọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni òun àti Ládòkun, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, fi ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ iṣu kan. Oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n dá bàbá mi láre. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó wọlé kí i tí kò gbọ́ ọ pé, bí ó ṣe akọ, bí ó ṣe abo, Ọlọ́rundáre ni ọmọ èmi Ọlágòkè máa jẹ́.

Orúkọ tó dára ni. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọmọlúàbí tó ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ilé bàbá mi àti ilé Ládòkun kọjú síra ni, ọ̀nà tóóró kan ló là wọ́n láàrin. Gbogbo ìgbà tí a bá ń pe ọmọ náà wá jẹun, ńṣe ni Ládòkun á tún máa gbọ́ ẹjọ́ tó jẹ̀bi rẹ̀.

Mo lọ bá bàbá mi nínú ọgbà iṣu rẹ̀ nígbà tí oyún náà pé oṣù mẹ́jọ. Ó ń ṣa iṣu tó fẹ́ jẹrà kúrò lára èyí tó dára. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, òfin kìíní dé ìkẹta. Kò gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo sọ tán, ó bi mí bóyá inú ìwé tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ni mo ti rí i. Mo ní rárá, èmi àti ìyàwó mi la rò ó.

Ó ní, "Òfin tí ọmọ ṣe fún bàbá rẹ̀, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, Ọlágòkè."

Ní ti ọ̀rọ̀ Àwáwù, bàbá mi ní bí ó tiẹ̀ jẹ́ ìyá tó bí Mọ́ládé lọ́mọ ni, ará ilé àna kò lè ṣáájú baálé nílé rẹ̀, áńbọ̀sì ẹni tó jẹ́ pé orogún ìyá ni. Ó padà sídìí iṣu rẹ̀. Fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kú ilé" nìkan ló ń kọjá láàrin wa.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, ọyẹ́ ti ń fẹ́, Mọ́ládé bímọ obìnrin ní ilé ìgbẹ̀bí ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Kò ni ín lára rárá. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí náà ní ọ̀pọ̀ oyún àkọ́kọ́ kì í lọ wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní kí n lọ dúpẹ́ níbi tí mo bá ti ń dúpẹ́. Mo dúpẹ́ níbẹ̀ náà. Ilé bàbá mi la gbé ọlọ́mọ lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, kí ó lè wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi sọ ọmọ lórúkọ. Mo fi ọ̀rọ̀ rán awakọ̀ kan tó ń lọ sí Ògbóòro. Ọjọ́ kejì, Àwáwù sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé pẹ̀lú ẹrù aṣọ àti igbá òrí tí ó fi ewé dé.

Kò tíì jókòó tó fi gba ọmọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó bí ó ṣe tẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, tí ó tẹ́ ọmọ sórí wọn, tí ó ń bu omi lọ́wọ́ọ́rọ́ sí i lára, tí ó ń na apá, tí ó ń na ẹsẹ̀, tí ó ń fi òrí ra á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ náà ké, ó wá dákẹ́, ó sùn sọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi kọjá, ó kí i kú iṣẹ́. Ó kí i dáadáa. Ìjà èmi àti òun kò kan àlejò.

Ọjọ́ kẹta ni Mọ́ládé sọ ohun tí a fẹ́ fún un. Ọwọ́ Àwáwù dúró lórí aṣọ tó ń ká.

"Ẹnu tèmi kò mọ ọ̀nà ibẹ̀, Mọ́ládé," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n máa wẹ ọmọ."

Mọ́ládé bẹ̀ ẹ́. Àwáwù ní òun kò ní wà láàrin ọkùnrin àti bàbá rẹ̀, ó ní ẹni tó wá tọ́jú ọlọ́mọ kì í da ilé ọlọ́mọ rú. Bí a ṣe di ẹni tó ní òfin nìyẹn tí kò rí ẹni tó máa bá a mú un ṣẹ: ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ kò fẹ́ fi sílẹ̀, ẹni tí a fẹ́ fún kò fẹ́ gbà.

Omi ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Kànga kan ṣoṣo ló wà nítòsí tí kì í gbẹ nígbà ọyẹ́, àgbàlá Ládòkun ló wà. Láti ọjọ́ tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni nílé wa kò dé ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ odò ni Àdùkẹ́ àbúrò mi ń lọ pọnmi, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún Àwáwù. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, omi ìwẹ̀ ọmọ tán, ó wò yíká, ó rí kànga lódìkejì, ó gbé garawa, ó sọdá. Nígbà tí Àdùkẹ́ fi máa sáré jáde pè é, ó ti wọ àgbàlá wọn.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó ń bọ̀, òun nìkan kọ́. Ojúọlápé ìyàwó Ládòkun ru garawa kejì tẹ̀ lé e. Ó bá a rù ú dé ẹnu ilẹ̀kùn wa, kò wọlé, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó yí padà. Ọ̀la rẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ṣe. Bàbá mi wà níwájú ilé lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ó ní kí n bá òun pe ìyá Mọ́ládé. Àwáwù wá, ó kúnlẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi rọra sọ ọ́. Ó ní òun mọ̀ pé wọn kò sọ fún un, ṣùgbọ́n ilé àwọn kì í pọnmi lódìkejì yẹn mọ́. Ó sọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ní ṣókí, ó sọ bí wọ́n ṣe dá òun láre.

Àwáwù ní kí ó má bínú. Ó ní àlejò kò mọ ibi tí wọ́n kì í tẹ̀. Ó wá gbé ọmọ sókè díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Ọlágòkè, Ládòkun fúnra rẹ̀ ló fa omi yẹn fún mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló rí ọmọ ọmọ, òun kò sì mọ ẹsẹ̀ tí òun á fi wá kí i. Ṣé omi náà wà nínú ẹjọ́ ni?"

Kì í ṣe pé ó fi gún bàbá mi lára. Ó fẹ́ mọ̀ ni, kí ó má bàa tún ṣẹ̀. Mo wo bàbá mi. Mo rò pé inú á bí i, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni mo rí lójú rẹ̀. Ó ń wo ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin náà.

"Rárá," ó wí nígbẹ̀yìn. "Kò sí nínú rẹ̀."

Ó wá bi í léèrè ìdí tí ó fi kọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ní kí ó wá sọ ọmọ lórúkọ. Àwáwù ní òun kò bímọ rí, pé wíwẹ̀ lòun mọ̀.

Bàbá mi ní, "Ọmọ oṣù mẹ́rin ni Àdùkẹ́ nígbà tí ìyá wọn kú. Mo mọ ohun tí wíwẹ ọmọ jẹ́."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èmi tó dúró níbẹ̀ mọ ìyókù. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Ẹni tó ń wẹ Àdùkẹ́, tó ń fún un lọ́mú pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀, Ojúọlápé ni. Òun náà ni Àdùkẹ́ ń sá fún, tó ń gba ọ̀nà odò, láti ọdún mẹ́ta, torí ilẹ̀.

Bàbá mi dìde. Ó ní, "Ìyá Mọ́ládé, ẹ ṣíwájú nídìí omi orúkọ. Èmi á tẹ̀ lé yín."

Ọjọ́ keje, Àwáwù wẹ ọmọ, ó fọ aṣọ, ó jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ọwọ́ lórí itan. Mọ́ládé lọ bá a níbẹ̀, òun ló sì sọ ohun tí wọ́n jọ sọ fún mi. Ó ní ìyá náà sọ fún òun pé òun ní orúkọ kan rí. Ọdún tí òun dé ilé Ràmọ́nì ni òun ti mú un sílẹ̀ fún ọmọ tí òun máa bí, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, òun kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ọkọ òun pàápàá kò gbọ́ ọ. Mórẹ́nikéjì ni.

Omi bọ́ lójú Mọ́ládé. Ó ní kí ìyá fi sọ ọmọ yìí, pé ó ti rí ẹni tó máa jẹ́ ẹ wàyí.

Àwáwù mi orí. "Ti ẹni yẹn ni," ó wí. "Ẹni tí kò wá náà, orúkọ tirẹ̀ ṣì ni. Èyí tó wá, ẹ jẹ́ kí n wá tirẹ̀ fún un."

Mọ́ládé ní nígbà tí ìyá náà ń sọ ọ́, kò sí ẹkún nínú ohùn rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń pín aṣọ fún ọmọ méjì tí kò fẹ́ kí wọ́n jà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ará ilé pé, àwọn ọmọ ìjọ wá, àwọn ará Ògbóòro wọ mọ́tò dé pẹ̀lú Ràmọ́nì. Àwọn ará ilé Ládòkun wá pẹ̀lú Ojúọlápé, wọ́n jókòó sẹ́yìn. Ládòkun kò wá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí, bí ẹni tó ń retí ẹlòmíràn. Bàbá mi wò ó. Ó ní kí wọ́n gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ òun, kò sọ ẹni tó ni ín. Àga náà ṣófo fún ìgbà díẹ̀, gbogbo wa ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lẹ́yìn náà ni Ládòkun sọdá, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jókòó. Bàbá mi ní, "O káre."

Wọ́n gbé omi wá. Wọ́n pe Àwáwù. Ó jáde láti ibi tí àwọn obìnrin wà. Ó ti ìka ọwọ́ tó ti fi po òrí fún ogójì ọdún bọ omi, ó fi kan iwájú orí ọmọ náà. Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Àgbàlagbà kan ní kí ìyá jọ̀wọ́ sọ ọ́ sókè.

"Àjọkẹ́," ó wí.

Ẹnì kan láàrin àwọn ará ilé wa sọ pé oríkì nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. Ó tọ̀nà, a sì ń retí ohun tí ìyá máa sọ. Àwáwù kò bínú.

"Ohun tí a bá pe ọmọ tí ó bá dáhùn, orúkọ rẹ̀ ni," ó wí. "Èmi kò nìkan tọ́ ọmọ rí. Èyí náà, ẹ ò ní dá a kẹ́. Gbogbo wa la jọ máa kẹ́ ẹ."

Ìdí àga bàbá mi ni mo wà. Mo gbọ́ bí Ládòkun ṣe mí kanlẹ̀.

Ó kan bàbá mi. Gbogbo ilé ti mọ orúkọ tó máa pè, àwọn kan tiẹ̀ ti ń wo Ládòkun. Bàbá mi tọwọ́ bọ omi. Ó ní, "Ọpẹ́yẹmí." Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan rán an létí pé orúkọ mìíràn ló ń pè láti oṣù kẹfà, ó dáhùn pé ti ilé ẹjọ́ nìyẹn, pé ó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ràmọ́nì sọ tirẹ̀, èmi àti Mọ́ládé sọ tiwa, gbogbo ẹbí sì ń sọ tiwọn. Ládòkun kò sọ orúkọ kankan. Ó tọwọ́ bọ omi, ó fi pa ọmọ náà lórí, ó ṣàdúrà fún un.

Lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn àlejò ti ń tú ká, mo ń wá Àwáwù kí n lè kí i kú ìnáwó. Inú yàrá ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó gbé ọmọ sórí itan, òun nìkan, ó ń pe orúkọ náà jẹ́jẹ́, á pè é, á dúró, á tún pè é ní ọ̀nà mìíràn, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Mo fà sẹ́yìn. Mo bá Mọ́ládé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun náà ti gbọ́, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. A jọ dúró síbẹ̀, a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé.

Bàbá mi kò dá ilẹ̀ iṣu padà o. Òun ló ń ro ó títí ó fi fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ oko. Òun àti Ládòkun kò tún jọ jẹun nínú àwo kan bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ilé wa padà sídìí kànga, Àdùkẹ́ sì ń wọlé lọ kí Ojúọlápé láàárọ̀, nígbà mìíràn á pẹ́ níbẹ̀ títí oúnjẹ á fi jinná.

Ogójì ọjọ́ ni Àwáwù lò lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ tó ń lọ, mo fi alùpùpù gbé e dé gáréèjì, mo bá a gbé ẹrù sínú mọ́tò. Obìnrin kan tó jókòó nínú rẹ̀ kí i, ó bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀ tí ara rẹ̀ yá gágá báyìí. Àwáwù sún mọ́ ọn, ó gbé igbá rẹ̀ sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó fún un láti orí garawa àkọ́kọ́. Mọ́tò gbéra, ẹnu rẹ̀ kò dúró. Mo juwọ́ sí i títí wọ́n fi yà sí ọ̀nà Ògbóòro. Mo wá jókòó sórí alùpùpù mi fún ìgbà díẹ̀, mo dúpẹ́, kí n tó yí i padà sílé.